Èèpo Igi Àtọwọ́dá: Ohun Tí Ojú Ní Láti Rí Kí Ọwọ́ Tó Bẹ̀rẹ̀

  

Àkòrí tí ìgbìmọ̀ ètò yàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún yìí ni bí a ṣe ń ṣe èèpo igi tó jọ ti gidi fún àwọn iṣẹ́ ọnà kéékèèké. Àwọn igi tí ọ̀rọ̀ kàn kì í sábà gùn ju apá èèyàn lọ: igi àgbàlá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòṣe ilé, igi etí ọ̀nà rélùwéè kékeré, igi inú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣàfihàn ẹranko tàbí ìlú àtijọ́. Ẹlòmíràn lè máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé èèpo igi kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ pé jọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti wo àwòṣe ilé rere rí, tí ògiri rẹ̀ tọ́, tí òrùlé rẹ̀ gún, tí wọ́n wá fi igi ìtayín mẹ́ta tí wọ́n kùn ní búráùn sí iwájú rẹ̀, mọ̀ pé igi mẹ́ta yẹn ló tú àṣírí gbogbo iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nídìí gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ lónìí. Èèpo ara igi, ìtàn bí igi náà ṣe dàgbà ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn, amọ̀, gúlúù àti bébà á gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó ra ohun èlò olówó gegere láti òkè òkun, ọ̀pá lásán ni iṣẹ́ rẹ̀ á jọ.

Igi tí ọ̀tá ń wò tí kò fura

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí èèpo igi ayédèrú ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ti ń jà ní Bẹ́ljíọ̀mù àti àríwá Faransé tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbi púpọ̀, kò sí òkè tí sójà lè gùn láti ṣọ́ ibi tí ọ̀tá wà. Ohun tó ga níbẹ̀ kò ju ìwọ̀nba kùkùté igi tí bọ́ǹbù ti gé lórí lọ. Àwọn ayàwòrán Faransé, lábẹ́ ọ̀gá wọn Lucien-Victor Guirand de Scévola, ló fi ọgbọ́n gbé e: kí wọ́n fi irin ṣe igi tó ní ihò nínú, kí sójà kan gun inú rẹ̀ lọ sókè, kó máa yọjú wo ọ̀tá láti ojú ihò kékeré. Ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Solomon J. Solomon, lọ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1916, wọ́n gbé igi àkọ́kọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì dúró nítòsí Ypres.

Àmọ́ bí igi tuntun bá ṣàdédé hù lóru lójú ogun, òmùgọ̀ ọ̀tá nìkan ni kò ní yìnbọn sí i. Nítorí náà, igi òkú tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ayàwòrán á yọ́ lọ síwájú, á ya igi náà pẹ̀lú gbogbo kókó àti ibi tó ti fọ́. Wọ́n á lọ ṣe ìkejì rẹ̀ lẹ́yìn ojú ogun, irin nínú, èèpo lóde. Lóru ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ìbọn ńláńlá á máa dún kí ọ̀tá má baà gbọ́ ìró ayùn. Wọ́n á gé igi gidi lulẹ̀, wọ́n á sì na ayédèrú ró síbi tó ti kúrò. Ilẹ̀ á mọ́, ọ̀tá á wò, á rí igi tó ti ń rí láti ọjọ́ yìí, á sì gbójú kúrò.

Kókó tó kàn wá nínú ìtàn yìí ni ohun tí Solomon ṣe nípa èèpo. Ayàwòrán ńlá ni, ó mọ ọ̀dà lò débi tí wọ́n fi gbà á wọ ẹgbẹ́ Royal Academy. Síbẹ̀ kò gbára lé ọ̀dà nìkan. Igi willow kan tó ti ń jẹrà lórí ilẹ̀ ọba ní Windsor ló ti lọ bó èèpo fún iṣẹ́ náà. Ó mọ̀ pé ojú ẹni tó ń wá ẹni tó máa pa kì í ṣe ojú tí a ń fi àwọ̀ tàn. Irú igi bẹ́ẹ̀ kan tí àwọn Jámánì ṣe wà títí di òní ní Australian War Memorial ní Canberra, níbi tí àlejò ti lè wò ó dáadáa.

Ìdí tí èèpo fi ń sán

Èèpo igi pín sí apá méjì. Èyí tó wà nínú wà láàyè, òun ló ń gbé oúnjẹ tí ewé sè lọ sí gbòǹgbò. Èyí tó wà lóde ti kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba èyí tó wà láàyè lọ́wọ́ oòrùn, iná àti kòkòrò. Bí igi bá ti ń dàgbà, abẹ́ èèpo ló ti ń sanra jáde. Òkú èèpo tó wà lóde kò sì lè nà bá a. Bí ẹ̀wù ọmọ ọdún méjì tí wọ́n fi dandan wọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó gbọ́dọ̀ ya níbì kan. Ibi tó ti ya, bó ṣe jìn tó, bóyá ó là gbọọrọ lóòró tàbí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìyẹn la fi ń dá igi kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, igi beech máa ń dán fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nítorí pé èèpo tó kọ́kọ́ ní kì í kú bọ̀rọ̀, ó ń dàgbà pẹ̀lú igi. Páìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe èèpo tuntun láti inú, ní ìpele lórí ìpele, èyí tó wà lóde á sì máa ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi ọ̀nà kan náà ṣe igi méjèèjì.

Ẹ wá wo igi ọ̀pẹ àti igi àgbọn tiwa. Wọn kì í sanra láti abẹ́ èèpo bí ìrókò ṣe ń sanra. Ìdí àgbọn tó nípọn lónìí ti nípọn kí ó tó ga sókè. Nítorí náà, kò sí ìdí tí ara rẹ̀ fi máa là gbàǹgbà lóòró. Àpá imọ̀ tó ti bọ́ ló yí i ká bí òrùka, ọ̀kan lórí èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi abẹ́rẹ́ fa ilà gígùn sára àgbọn ti parọ́ mọ́ igi, kódà bí ilà rẹ̀ bá dára bí i kí ni.

Ohun kan náà ló ń fa ìjákulẹ̀ tí gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí máa ń ní. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré lára igi ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á fi gúnlẹ̀ sínú àwòṣe. Igi gidi ni, èèpo gidi sì ni, ṣùgbọ́n kì í jọ igi ńlá rárá. Ọmọdé ni ẹ̀ka yẹn. Ara rẹ̀ ṣì ń dán, kò tíì sanra débi tí èèpo rẹ̀ fi máa ya. Ẹni tó bá fẹ́ lo igi gidi dandan, kó lọ wá gbòǹgbò tàbí ìtì igbó tó ti gbó lórí ilẹ̀ líle, tó pẹ́ láyé ṣùgbọ́n tí kò rí ààyè ga. Irú wọn máa ń ní ojú àgbà.

Òkèèrè la ti ń wò ó

Àwọn àgbà ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe igi kékeré lè gbà á gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lẹ́nu.

Ìwọ̀n tí a bá fi ń ṣiṣẹ́ ló ń pinnu ohun gbogbo. Ilé ọmọláńgidi tí Edwin Lutyens ya fún Queen Mary, tí wọ́n parí ní 1924 tó sì wà ní Windsor, ìwọ̀n 1:12 ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún méjìlá. Ní Pendon Museum, ní abúlé Long Wittenham ní ìpínlẹ̀ Oxfordshire, tí ọmọ Australia kan tó ń jẹ́ Roye England dá sílẹ̀ ní 1954, ìwọ̀n 1:76 ni wọ́n fi ń ṣe abúlé àtijọ́, ọgbà àti igi. Miniatur Wunderland, ibi àfihàn ìlú àti rélùwéè kékeré tó ṣí ní Hamburg ní 2001, ń lo 1:87. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán ilé tiwa sábà máa ń lo 1:100 tàbí 1:200.

Ẹ jẹ́ ká mú igi kan tí ojú sísán ara rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ní ìwọ̀n 1:12, ó di mìlímítà 2.5, abẹ́rẹ́ lè gbẹ́ ẹ, ìka sì lè mọ̀ ọ́n. Ní ìwọ̀n 1:87, ó di nǹkan bíi 0.34 mìlímítà, ìyẹn ìnípọn bébà ìkọ̀wé mẹ́ta tí a tò léra. Bí ọwọ́ bá wá gbẹ́ ihò mìlímítà kan sára irú igi bẹ́ẹ̀, igi tí èèpo rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 8.7 la ṣe yẹn. Ṣíṣe jù ni àrùn tó ń pa ọ̀pọ̀ èèpo àtọwọ́dá.

Ọ̀nà kejì wà tí a lè gbà wò ó. Ẹni tó bá dúró ní ààbọ̀ mítà sí igi 1:12 dà bí ẹni tó dúró ní mítà mẹ́fà sí igi gidi. Ẹni tó dúró ní ibi kan náà sí igi 1:87 dà bí ẹni tó wà ní nǹkan bíi mítà mẹ́tàlélógójì sí i. Kí ni ojú èèyàn lè rí lára èèpo igi láti ibi tó jìn tó yẹn? Ẹ jáde lẹ́yìn ètò yìí, ẹ wọn mítà mẹ́tàlélógójì sí igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ wò ó. Àwọ̀ lẹ máa rí, àti òjìji gbọọrọ díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá wá di 1:200, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ sísán. Kó wá àwọ̀ tó tọ́ fún ìtì igi, kó sì lo àkókò tó kù lórí ilé rẹ̀.

Egungun kí ó tó kan ẹran

Èèpo tó dára kò lè bo igi tí egungun rẹ̀ wọ́. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ni wáyà tí a lọ́ mọ́ra. Wáyà iná tí àwọn oníṣẹ́ iná mànàmáná gé sọnù dára fún un, pàápàá èyí tí okùn bàbà tínínrín pọ̀ nínú rẹ̀. A ó kó okùn bíi ogójì jọ, a ó lọ́ ìsàlẹ̀ wọn pọ̀ kó di ìtì, a ó ṣí díẹ̀ sílẹ̀ fún gbòǹgbò, a ó sì máa pín òkè wọn: ogún síhìn-ín, ogún sọ́hùn-ún, mẹ́wàá, márùn-ún, méjì, títí yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo tó di ọ̀mùnú ẹ̀ka.

Ìdí tí ọ̀nà yìí fi ń yọrí sí rere yẹ fún àfiyèsí. Leonardo da Vinci ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn pé bí a bá kó gbogbo ẹ̀ka tó wà ní ìpele kan lára igi jọ, ìnípọn wọn á dọ́gba pẹ̀lú ti ìtì tó gbé wọn. Wáyà tí a pín ń pa òfin yẹn mọ́ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé oníṣẹ́ ṣírò ohunkóhun, torí pé iye okùn tó wà nísàlẹ̀ kò yàtọ̀ sí iye tó wà lókè.

Lẹ́yìn èyí, a ó fi gúlúù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò tọ́ gbogbo rẹ̀ kí àlàfo àárín okùn dí. Bí a bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ìlọ́pọ̀ wáyà á yọ jáde lábẹ́ èèpo, igi á sì jọ okùn tí wọ́n kùn lọ́dà.

Kí a jẹ́ kí ó sán fúnra rẹ̀

Ibí yìí gan-an ni ọkàn iṣẹ́ náà wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú abẹ́rẹ́, wọ́n á máa fa ilà sára amọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ogún ilà, ọwọ́ á ti mọ́ra. Àlàfo á bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gba, ilà á máa tọ́ bí ìlà inú ìwé. Igi kì í sán báyẹn. Ohun tí a ń wá ni kí ohun èlò náà ya nítorí ìdí kan náà tí igi fi ń ya: kí ara òde gbẹ, kí inú sì ṣì máa fẹ̀.

Àwọn amọ̀kòkò ló ti kọ́kọ́ rí i. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dàda, ní Òkèlele, Ìlọrin, mọ̀ dájú pé bí ara ìkòkò bá gbẹ ju inú rẹ̀ lọ, ó máa là. Lójú tiwọn, ìbàjẹ́ ni. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ọgbọ́n wọn fi wà níbi kí ìkòkò má lanu. Lójú ẹni tó ń wá èèpo, ìlanu yẹn gan-an ni èrè. Àwọn amọ̀kòkò òde òní níbi púpọ̀ láyé ti sọ ọ́ di ọnà: wọ́n á mọ ìkòkò tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi omi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní sodium silicate kun ara rẹ̀ lóde, wọ́n á fi iná gbẹ ẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n á máa fẹ̀ ẹ́ láti inú láìfọwọ́ kan òde. Ara òde tó ti le á máa ya bí inú ṣe ń fẹ̀. Ẹni tó bá rí i á búra pé igi gidi ni. Kò sì yẹ kó yani lẹ́nu, nítorí bí igi ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn.

Fún igi kékeré, kò di dandan kí a ní kẹ́míkà kankan. Kí a tẹ́ amọ̀ pẹlẹbẹ, kí a da amọ̀ gbígbẹ tí a ti lọ̀ lẹ́búlẹ́bú sójú rẹ̀, kí a fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ojú náà títí yóò fi gbẹ, kí a wá fà á láti igun méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Á ya. Bí a bá fà á síbì kan ṣoṣo, ojú ibi tó ya á gùn lóòró. Bí a bá fà á sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á fọ́ sí onígun mẹ́rin mẹ́rin. A ó wá rọra yí i mọ́ ìtì igi. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wúlò jù, nítorí ẹni tó bá fà á pẹ̀lú agbára á já a sí méjì.

Lára igi oníwáyà, àdàlù kan wà tó rọrùn: gúlúù funfun, POP (plaster of Paris) díẹ̀, àti ìyẹ̀fun igi tó ń bọ́ nídìí ayùn, tí a ti fi asẹ́ tó kúnná sẹ́. A ó kọ́kọ́ fi èyí tó ṣàn kùn ún. Nígbà tó bá gbẹ, a ó lẹ èyí tó ki mọ́ ọn. Kí ìyẹn tó gbẹ pátá, tó ti le lójú ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀, a ó tẹ wáyà inú rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún díẹ̀. Èèpo á sán níbi tó yẹ kó sán, pàápàá ní orígun ẹ̀ka, níbi tí igi gidi ti ń ká awọ jọ. Igi tí ara rẹ̀ dán kò nílò èyí. Bébà tísù tí a rẹ sínú gúlúù olómi, tí a wé mọ́ ọn tí a sì fi ìka fún díẹ̀ lóòró, tó fún un.

Ohun tí a fi ń gbẹ́ ẹ kò ní láti wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ èèpo igi ṣe jù láyé ni Dionicio Rodríguez, ọmọ Mẹ́síkò tó ṣiṣẹ́ ní San Antonio, ní ìpínlẹ̀ Texas, títí ó fi kú ní 1955. Símẹ́ńtì lórí irin ló fi ń ṣe afárá, àga àti ìsọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní igi. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Brackenridge Park ní ìlú náà, ó sì wà nínú itẹ́ òkú Memorial Park ní Memphis. Fọ́ọ̀kì, ṣíbí àti irin tó fúnra rẹ̀ ṣe ló fi ń ya ara símẹ́ńtì náà. Ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó fi bó ṣe ń po àwọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tirẹ̀ nínú èyí. Ẹni tó bá rí àdàlù tó dára, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tó ti parẹ́ mọ́ olóògbé lọ́wọ́ nílẹ̀ wa ti pọ̀ jù.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́. POP máa ń gbóná bó bá ń le, nítorí náà kí ọmọ kankan má ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Sodium silicate ń jẹ ara, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n sì bo ojú. Ọ̀dà afẹ́fẹ́ inú agolo máa ń yọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n, ìtì igi tí ọmọ fi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ́ lè di ihò lójú rẹ̀. Èèpo gidi tí a bá sì bó wọlé, kí a gbẹ ẹ́ dáadáa nínú ooru kí ikán tàbí kòkòrò inú rẹ̀ má baà jẹ gbogbo àwòṣe.

Àwọ̀

Bí a bá ní kí ọmọ kékeré kun igi, búráùn ló máa mú. Àgbà pẹ̀lú ń mú búráùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo igi. Eérú ni ọ̀pọ̀ wọn, eérú tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé díẹ̀, eérú tó fẹ́ di funfun níbi tí ohun wẹ́wẹ́ tó ń hù lára èèpo bá ti tàn ká. Búráùn gidi ṣọ̀wọ́n, àfi níbi tí èèpo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kúrò.

Ètò tó dára ni kí a kọ́kọ́ kun gbogbo igi ní eérú tó dúdú. Lẹ́yìn náà kí a po ọ̀dà dúdú mọ́ omi púpọ̀, kí a dà á sára rẹ̀ kó ṣàn wọ ojú sísán, kí a sì fi aṣọ nu òkè rẹ̀. Nígbà tó bá gbẹ, kí a ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà eérú tó mọ́lẹ̀, kí a nu ún sára bébà títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó gbẹ, kí a wá fi gbá ara igi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Orí èèpo nìkan ló máa gba àwọ̀ náà. Kí àwọ̀ gbogbo fúyẹ́ ju bí igi gidi ṣe rí nítòsí lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wa àti igi òkèèrè máa ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Ní ilẹ̀ wa, ohun kan tún wà tí ìwé òkèèrè kì í sọ: nígbà òjò, ilẹ̀ pupa máa ń ta sí ìdí igi, nígbà ọyẹ́ eruku á bò ó. Ìdí igi tí kò bá ní pupa yẹn kò tíì gbé Ìbàdàn rí.

Igi tiwa

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ jù lọ. Igi oaku, páìnì àti birch ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ń kọ́ni. Igi oníke tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, igi ilẹ̀ òtútù ló pọ̀ jù nínú wọn. Àbájáde rẹ̀ ni pé a ń rí àwòṣe àgbàlá Yorùbá tí páìnì yí ká, bẹ́ẹ̀ igi máńgòrò ni gbogbo wa jókòó sábẹ́ rẹ̀ dàgbà.

Nígbà tí American Museum of Natural History ní New York ń múra àwọn àpótí ẹranko Áfíríkà rẹ̀, Carl Akeley tó ń darí iṣẹ́ náà kò gbà kí wọ́n fi èrò ọkàn ṣe igi. Ó mú àwọn ayàwòrán bíi William Leigh lọ sí Áfíríkà, kí wọ́n lè ya ibi tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ń gbé gan-an. Akeley kú sẹ́nu iṣẹ́ yẹn ní 1926, lórí òkè Mikeno ní Kóńgò. Gbọ̀ngàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ṣí ní 1936. Bí ará New York bá lè sọdá òkun kó tó mọ bí igi Kóńgò ṣe rí, kí ló ń dá wa dúró láti sọdá àgbàlá?

Ẹ wo igi ẹmi tó pọ̀ ní ìhà Ṣakí àti Ìlọrin. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó dúdú, ó là jinjin sí onígun mẹ́rin, ìnípọn yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ iná igbó. Amọ̀ tí a fà sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni tirẹ̀. Gúáfà kò sán rárá. Ó ń bó ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ bàbà á ṣí, àwọ̀ ewé tútù á yọ lábẹ́ rẹ̀. Bébà tísù tí a kùn kí a tó lẹ̀ ẹ́, tí a sì jẹ́ kí etí rẹ̀ ká sókè, á ṣe é láìsí wàhálà. Ara àràbà dán, eérú ni, ẹ̀gún wà lára ìtì rẹ̀ nígbà èwe, ìdí rẹ̀ sì yọ pátákó gbàràmù tó dúró bí ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, wáyà ìdí rẹ̀ ló máa gbà á ní àkókò jù. Osè náà dán, àmọ́ ara rẹ̀ ká jọ, ó wú síhìn-ín ó wọ sọ́hùn-ún, pàápàá níbi tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ fi ṣe okùn tí òmíràn sì ti hù bò ó. Máńgòrò ló rọrùn jù nínú wọn, ojú sísán rẹ̀ kò jìn, ó gùn lóòró.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni kí olúkúlùkù yan igi kan nítòsí ilé rẹ̀. Kó fi bébà bo ara igi náà, kó fi èédú ra á kí àwòrán ojú sísán jáde. Kó ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn òjò lẹ́ẹ̀kan, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó kọ orúkọ igi àti àwọ̀ tó rí. Lẹ́yìn náà kó gbé àwòrán èédú náà lọ sídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, kí wọ́n dín in kù títí yóò fi bá ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ohun tó bá ṣì hàn lórí ìwé kékeré yẹn ni kó gbẹ́. Èyí tí kò bá hàn mọ́, kó fi sílẹ̀. Bí kíláàsì kan bá ṣe èyí fún ọdún mẹ́ta, ilé ẹ̀kọ́ yìí á ní ìwé èèpo igi ilẹ̀ Yorùbá tí olùkọ́ lè fi kọ́ni.

   Àwọn àpẹẹrẹ wà lórí tábìlì lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹmi ni àkọ́kọ́ láti apá ọ̀tún, gúáfà ló tẹ̀ lé e. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ sì bi àwọn olùkọ́ tó dúró tì wọ́n ní ìbéèrè.